Ọkùnrin Tó Ń Fẹjọ́ Ara Rẹ̀ Sùn

Ó di ọdún mẹ́tàlélógójì tí Eckbert Thölke ti ń wa ọkọ̀ alájẹ̀ nínú ìdíje, kò sì tíì ṣe ipò kìíní rí lọ́jọ́ kan. Ẹ má rò pé mò ń bà á lórúkọ jẹ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín, kódà kí ẹ tó bi í. Ó ti ṣe ipò kejì nígbà ogún, ó ti ṣe ìkẹta títí ó fi dẹ́kun kíkà á, ó sì ti ṣe ìkẹyìn nínú ìdíje kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí wà lára ogún tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí Eckbert ní ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn nínú ọkọ̀ méjì, ipò kejì náà ló ṣe.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Harkenwerder, ìlú kékeré wa létí odò Weser ní Jámánì. Òun ló ń gun òrùlé ilé onílé kiri, tó ń gbá ihò èéfín wọn, ibi tí èéfín iná ilé ń gbà jáde, aṣọ dúdú lọ́rùn, fìlà gíga lórí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan agbáhò-èéfín, oríire ti dé bá a nìyẹn. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, kódà pásítọ̀ wa, bó tilẹ̀ ń sẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí Eckbert bá ti dé etí omi lọ́jọ́ ìdíje, àwọn tó fẹ́ bá a díje á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "O ṣeun, Eckbert," wọ́n á wá wọ inú ọkọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Heidrun ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í pé, "Oríire gbogbo ayé lò ń pín. Tiwa dà?"

Bẹ́ẹ̀, apá ọkùnrin náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ti ń gbé àkàbà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin gun òrùlé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ á le. Ohun tó ń dà á láàmú kò sí lápá, inú orí ló wà. Eckbert fẹ́ràn òfin ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé òfin ìdíje ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òmíràn wà nínú mọ́tò iṣẹ́ rẹ̀, ìkẹta wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí Heidrun ti ṣèlérí pé òun máa fi nu nǹkan lọ́jọ́ kan. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú àwọn òfin náà ni èyí tó sọ pé bí awakọ̀ kan bá rí ohun tí kò tọ́, kó nawọ́ sókè kí rẹfirí tó gbé àsíá funfun sókè lópin ìdíje. Bí àsíá funfun bá ti gòkè, ó parí, ẹjọ́ kankan ò sí mọ́. Àwọn awakọ̀ yòókù máa ń nawọ́ sókè láti fẹjọ́ ẹlòmíì sùn. Eckbert ní tirẹ̀, ara rẹ̀ ló máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣáájú gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣáájú lọ, ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ló dé tóun fi ṣáájú, àfi bóun bá ti gbéra kí wọ́n tó pàṣẹ. Ló bá dáwọ́ dúró, ó nawọ́ sókè.

"Kí ló dé?" Rẹfirí bi í.

"Ọ̀gá, ó jọ pé mo ti yára gbéra jù."

"O ò yára jù! Wa ọkọ̀ ẹ!"

Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti kọjá. Lọ́mọ ọdún méjìlélógún, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló jọ wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì wà níwájú. Pẹ́pẹ́yẹ kan kó ọmọ mẹ́fà jáde láti inú koríko, ó ń bọ̀ wá sọdá. Eckbert pariwo pé, "Ẹ dúró!" Wọ́n dúró tán kí wọ́n tó mọ ìdí tí wọ́n fi dúró. Àwọn mẹ́ta náà ò kí i títí di Kérésìmesì, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń pè é ní Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ títí dòní. Lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́ta, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì, ó ku nǹkan bí ogójì mítà kó borí, ló bá gbọ́ ariwo "hà!" lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ dúró, ó yíjú padà, ó ní, "Ṣé kò sí?" Ẹnìkejì rẹ̀ kàn ń sín ni. Ibi tó ti ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹni tó ń sín ni àwọn ẹlòmíì ti gba ipò kìíní lọ.

Ohun tó ń wá láti gbogbo ọdún wọ̀nyí kò tóbi. Radadẹ́lì la ń pè é, irin pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. Ẹni kejì kì í gba nǹkan kan. Wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní ó gbìyànjú, wọ́n á sì fi ibi tí wọ́n ti ń ta sọ́séèjì hàn án. Eckbert ti jẹ sọ́séèjì létí odò ní gbogbo ìlú tó wà láti ibí títí dé òkun.

Ní oṣù kẹta ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, dókítà yẹ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wò, ó ní egungun ibẹ̀ ti jẹ tán, àwọn máa fi onírin pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Eckbert bi í.

"Ẹ lè máa rìn. Ẹ lè máa gun kẹ̀kẹ́. Ẹ tiẹ̀ lè jó, bí ẹ bá máa ń jó."

"Ìdíje ọkọ̀ ńkọ́?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Eckbert mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdíje kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Harkenwerder níbí nínú oṣù kẹfà. Bí kò bá gba Radadẹ́lì lọ́jọ́ náà, kò ní í gbà á mọ́ láé. Ó dùn ún gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òfin, ẹ̀rù sì ba Heidrun.

Ní ọjọ́ kẹrin, nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó gbé ìwé òfin jáde.

"Heidrun, gbọ́ nǹkan. 'Nínú ìdíje àwọn àgbà, a ó ro ọjọ́ orí gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ pọ̀, a ó sì pín in sí iye wọn. Ibi tó bá já sí ni ìsọ̀rí wọn.'"

"Kí wá ni?"

"Pé bí mo bá rí ẹni tó ti gbó dáadáa tí á bá mi wọ ọkọ̀, àwọn arúgbó ni màá bá díje."

Heidrun gbé ọ̀bẹ bọ́tà kalẹ̀. "Eckbert, ṣé o fẹ́ lọ fìyà jẹ àwọn arúgbó ni?"

"Òfin gbà á."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè òfin. Mo ní ṣé o fẹ́ fìyà jẹ àwọn arúgbó?"

Ó rò ó wò dáadáa, nítorí kò mọ irọ́ í pa. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

"Ó dáa. Gbé kọfí yẹn fún mi. Ta wá ni arúgbó náà?"

Arúgbó náà ni Màmá Irmlind Quast, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ilé rẹ̀ wà létí odò gan-an, àràárọ̀ ló sì ń dá wa ọkọ̀ lọ wa ọkọ̀ bọ̀, àfi bí odò bá dì. Radadẹ́lì mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló gbà nígbà tó wà lọ́mọge, ó kó wọn sínú agolo bisikíìtì, ó sì fi ọ̀kan tì sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má bàa mì. Eckbert ló ń gbá ihò èéfín rẹ̀ lọ́dọọdún. Gbogbo ìlú ló bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, olórí ìlú pẹ̀lú.

"Kò tíì tó àsìkò ihò èéfín mi," ló wí nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Kí lo wá ṣe?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wa ọkọ̀ nínú ìdíje oṣù kẹfà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan."

"Nítorí kí ni?"

Ẹlòmíì ì bá sọ pé nítorí ẹ mọ ọkọ̀ í wà, tàbí nítorí mo fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ yín. Eckbert ní, "Nítorí ọjọ́ orí yín, Màmá. Bí a bá ro mẹ́tàlélọ́gọ́rin mọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó jẹ́ ogóje. Bí a bá pín in sí méjì, àádọ́rin géérégé. Ìsọ̀rí àwọn ẹni àádọ́rin ọdún la máa bọ́ sí."

Màmá Quast wò ó títí. "Láti ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ọkùnrin ti ń kanlẹ̀kùn mi nítorí ẹwà mi," ló wí. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa wá nítorí ogbó mi."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ta ní ń bínú? Wọlé, jàre. Nu ẹsẹ̀ ẹ."

Ó gbé kéèkì fún un, ó sì fún un ní òfin tirẹ̀. Èmi ni màá jókòó níwájú ọkọ̀, ló wí, èmi ni màá sì máa darí rẹ̀. Ìwọ á jókòó sápá ìdí ọkọ̀, wàá máa fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wa irú ọkọ̀ yìí mọ̀ pé ẹ̀yìn làwọn awakọ̀ ń kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí náà ẹ̀yìn Eckbert gan-an ni màmá yìí máa wà, kò sì ní í rí i àfi bó bá yíjú padà.

"O ò sì gbọdọ̀ yíjú padà," Màmá Quast wí. "Láti ìgbà tó o ti wà ní kékeré ni mo ti ń wò ẹ́ láti ojú fèrèsé yìí. Kò sí ìgbà tó o bá ti wẹ̀yìn tí nǹkan kì í bàjẹ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, iwájú ẹ ni kó o máa wò. Bí mo bá kú, mo kú nìyẹn. Máa fà ní tìẹ."

"Màmá, òfin sọ pé bí ẹnìkan nínú ọkọ̀ bá kú..."

"Eckbert!"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Oṣù méjì ni wọ́n fi múra, ní aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́, Eckbert kò sì jìyà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bó bá fà á jẹ́jẹ́, màmá á ní, "Ṣé ihò èéfín lò ń gbá ni?" Bó bá fà á kíákíá, á ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Bó bá wá fẹ́ yíjú padà láti béèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, màmá á fi ìdí àjẹ̀ gún un láàárín ẹ̀yìn. Heidrun rí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ta ló lù ẹ́?" Ó ní, "Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin." Heidrun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di òpin oṣù karùn-ún, ọkùnrin náà kò wẹ̀yìn mọ́. Bí èèyàn bá pe orúkọ rẹ̀ lójú títì gan-an, kò ní í yíjú.

Ọjọ́ ìdíje pé, oòrùn yọ, gbogbo ìlú dà sétí odò. Bíà ń ṣàn, sọ́séèjì ń ta lórí iná, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ awakọ̀ gbé abọ́ pòtétò ńláńlá jáde. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ìsọ̀rí àwọn ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ni Detlev Hammerich àti Rosel ìyàwó rẹ̀, tọkọtaya kan láti òdìkejì odò, tí wọ́n ti ṣe ipò kìíní fún ọdún mẹ́fà tẹ̀léra. Rosel rí Eckbert, ó na ọwọ́ sí i.

"Eckbert dáadáa, dúró, jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ẹ́."

"Fi í sílẹ̀!" Màmá Quast gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Tèmi ni lónìí."

"Háà, Màmá Quast! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Rẹfirí ọjọ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Volkmar Plöger. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbọ́ ẹjọ́ tí Eckbert ń fi ara rẹ̀ sùn, ó sì ti dá a láre nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ní gbogbo ìgbà, àwọn ẹlòmíì á ti gba ipò kìíní lọ. Ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì rẹ̀ sún mọ́ wọn níbi tí wọ́n tò sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

"Eckbert, mo bẹ̀ ẹ́, fi ti Ọlọ́run ṣe é. Wà á dé òpin."

Wọ́n pàṣẹ, wọ́n gbéra. Ẹgbẹ̀rún mítà ni. Ní igba mítà, ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ọ̀ọ́dúnrún, méjì ti rẹ̀yìn, ó ku àwọn àti àwọn Hammerich. Ó kọjá irinwó díẹ̀, ni ọkọ̀ bá ṣàdédé wúwo. Eckbert mọ̀ ọ́n lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnìkan so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀.

"Màmá?" ló wí.

"Afẹ́fẹ́ ni! Fà á!"

Ó fà á. Orúnkún rẹ̀ ń ké, apá rẹ̀ ń gbóná. Nǹkan kan kò tọ́, ó mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti ń wá ọ̀nà láti gòkè. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Iwájú! Bí o bá wẹ̀yìn, màá gún ẹ!"

Ó gbé ojú rẹ̀ padà síbi tó yẹ. Àwọn ènìyàn ń pariwo létí odò, wọ́n ń nàka, àwọn mìíràn ti di ikùn mú, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ó rí Heidrun tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo tún máa ṣe ipò kejì. Inú bí i, èyí tí kì í sábà ṣe é lórí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lú ìbínú. Ní ẹgbẹ̀rin mítà, ohun kan wọ ojú rẹ̀ láti apá òsì, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀yìn Rosel Hammerich ni. Lẹ́yìn náà ó rí ẹ̀yìn Detlev. Ẹni tó bá wà níwájú nìkan ló ń rí ẹ̀yìn àwọn tó kù nínú eré yìí, Eckbert kò sì rí i pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń wò ó, ó ń fà. Agogo òpin dún lórí rẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́. Màmá Quast ló ní, "Ó tó, ó tó, ṣé o fẹ́ wà á dé òkun ni?"

Ìdajì gígùn ọkọ̀ kan ni wọ́n fi borí. Ọ̀gbẹ́ni Plöger dé lórí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, àsíá pupa ti ẹjọ́ lọ́wọ́ kan, àsíá funfun lọ́wọ́ kejì. Bí òfin ṣe wí, ó wo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnìkan nawọ́ sókè. Nígbà tó kan Eckbert, rẹfirí dá èémí dúró. Eckbert ronú nípa ìgbéra, ìgbéra dáa. Ó ronú nípa ìlà, wọn ò kúrò lórí ìlà. Kò sí pẹ́pẹ́yẹ kankan. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àjẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Plöger sì gbé àsíá funfun sókè kíákíá, agbára tó fi gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sínú omi.

"Ó ti gòkè?" Màmá Quast bi í láti ẹ̀yìn.

"Ó ti gòkè, Màmá."

"Ṣé o rí i dáadáa?"

"Mo rí i."

"Ó dáa. O lè wẹ̀yìn báyìí."

Eckbert yíjú padà. Màmá Quast jókòó pẹ̀sẹ̀, àwọn àjẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sùn lórí omi. Ọwọ́ rẹ̀ òsì wà lórí itan, ìka rẹ̀ ká jọ, kò ṣeé nà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn.

"Iṣan fà mí ní mítà irinwó," ló wí. "Láti ibẹ̀ ni mo ti gbé àjẹ̀ kúrò nínú omi, tí mo kàn ń bá ẹ lọ síwá sẹ́yìn, tí mo ń juwọ́ sí èrò. Ojú ọjọ́ dáa lónìí."

Ọkùnrin náà tún gbá àjẹ̀ rẹ̀ mú. Ó wa ọkọ̀ dé èbúté, ó ran màmá náà lọ́wọ́ láti jáde, ó wá tiro lọ tààrà síbi tábìlì rẹfirí, omi ń kán lára rẹ̀. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ ibi tó ń lọ. Heidrun ní, "Yéè! Ẹ dá a dúró!" Ṣùgbọ́n ó ti dé ibẹ̀.

"Mo fẹ́ fẹjọ́ sùn."

"Ta lo fẹ́ fi sùn?" Ọ̀gbẹ́ni Plöger bi í, bíi pé kò mọ̀.

"Èmi àti Màmá Quast. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì ni, ẹnìkan ṣoṣo ló wà á."

"Mo rí i. Ẹ̀yìn yín ni mo wà. Gbogbo ìlú ló rí i."

"Ẹ wá gbé àsíá funfun?"

"Fi òfin tí ẹ rú hàn mí."

Eckbert mú ìwé rẹ̀ jáde nínú ẹ̀wù, ó ti rin gbingbin. Ó ń ṣí i lójú ewé lójú ewé, ó ń yà á jẹ́jẹ́ kó má bàa fà ya. Ìwé náà sọ pé awakọ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn méjèèjì máa fà.

"Ṣé màmá wà nínú ọkọ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Plöger bi í.

"Ó wà níbẹ̀."

"Láàyè?"

"Ta ló ní mo kú?" Màmá Quast dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí.

"Ó parí. Àsíá sì ti gòkè. Bó o bá tiẹ̀ rí òfin náà lọ́la, ọ̀la ti pẹ́ jù." Ó gbé Radadẹ́lì kan lé e lọ́wọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì nu ìlàágùn iwájú orí rẹ̀.

Ẹ máa rò pé inú rẹ̀ dùn. Rárá o. Ó lọ jókòó ti Màmá Quast lórí bẹ́ńṣì, ó tẹ́ irin kékeré náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bíi pé ẹlòmíì ló ni ín.

"Màmá, ẹ tàn mí jẹ."

"Mo tàn ẹ́ jẹ dáadáa."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

"Kí n tó sọ ọ́ tán, ò bá ti dúró, wàá ní, 'Ṣé kò sí, Màmá?' Àbí irọ́ ni?"

Ó rò ó wò. "Kì í ṣe irọ́. Ǹ bá dúró."

"Bí mo bá sì sọ ọ́ lẹ́yìn tá a dé òpin, kí àsíá tó gòkè?"

"Ọwọ́ mi ì bá gòkè."

"Ṣé o rí i? Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ẹ́ léèrè àsíá." Ó ń fi ọwọ́ kan na ìka ọwọ́ kejì. "Eckbert, gbọ́ mi. O wá arúgbó wá kó o lè borí. Arúgbó náà jókòó sínú ọkọ̀ bí àpò pòtétò láti mítà irinwó. Èèyàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ kejì, àwọn méjèèjì ló ń fà, ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì ti ń borí gbogbo èèyàn. Ta wá ni wọ́n pàdé lónìí?"

Eckbert yí irin náà padà lọ́wọ́.

"Mo ní ta ló wa ọkọ̀ náà?"

"Èmi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde.

"Etí mi ti di, o mọ̀ pé mo ti darúgbó."

"Èmi ni, Màmá."

Bó ṣe sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wá yé òun alára. Ẹgbẹ̀ta mítà, pẹ̀lú orúnkún kan tí wọ́n máa gé dànù, pẹ̀lú ìyá arúgbó kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń juwọ́ sí èrò. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi rò pé apá òun kò tó. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Màmá Quast wo ibòmíràn, ó ní iyọ̀ inú pòtétò àwọn obìnrin yìí pọ̀ jù.

Eckbert dìde. Ó tiro lọ sí àárín èrò, níbi tí gbogbo ènìyàn tò sí tí wọ́n ń ra sọ́séèjì, ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sókè ṣánṣán.

Ọ̀gbẹ́ni Plöger gbé bíà rẹ̀ kalẹ̀, ó di ojú.

"Ọlọ́run mi," ló wí. "Eckbert, kí ló tún dé?"

"Mo fẹ́ fẹjọ́ ara mi sùn," Eckbert wí, ohùn rẹ̀ dé òdìkejì odò. "Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ yẹn."